Bí a ṣe ń ka ìwé pẹlẹbẹ òṣèlú tó jáde lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ àwọ̀ lókè, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1859, ọkùnrin dúdú kan tó ti Amẹ́ríkà wá, Martin Delany, jókòó ní Abẹ́òkúta pẹ̀lú Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Àdéhùn náà ni pé àwọn ènìyàn dúdú tó bá fẹ́ ti Amẹ́ríkà bọ̀ lè tẹ̀dó sórí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà, kí àwọn náà sì mú iṣẹ́ ọwọ́, ìmọ̀ ẹ̀kọ́ àti ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn wá. Ètò náà kò fìdí múlẹ̀, ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861 sì wà lára ìdí rẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1865, Delany ti di májọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì rán an sí erékùṣù Hilton Head ní South Carolina, níbi tó ti ń kọ̀wé nípa ọ̀nà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú yóò gbà rí ilẹ̀ dáko. Ní 1870 ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ mẹ́rin jáde ní Charleston, tó fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ìlú bí ìjọba ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nípasẹ̀ rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú àwọn ìwé wọ̀nyí, nítorí mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tó mú un wá sí Abẹ́òkúta gbà parí sí. Ohun tí kíkà wọn sì jẹ́ kí ó dá mi lójú ni pé, nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara ló wà lókè, ṣùgbọ́n ìṣirò ilẹ̀, owó ọ̀yà, owó orí àti gbèsè ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ àwọ̀ nìkan yóò bínú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí wọ́n ń jà sí. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, yálà fún ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, fún ìtàn ìdílé tàbí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lógún, kí ó sì lè ṣe ìṣirò tó wà nísàlẹ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ to àwọn ọdún kalẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé kankan

Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sí i, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbà gbogbo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1865, Sherman, ọ̀gágun ìjọba àpapọ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun South Carolina, Georgia àti Florida fún àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, ìdílé kọ̀ọ̀kan kò sì ní gbà ju 40 éékà lọ. Nǹkan bí 40,000 ènìyàn ló tẹ̀dó sórí nǹkan bí 400,000 éékà. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà padà fún àwọn olówó tó ni ín tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún kan náà, wọ́n dá iléeṣẹ́ ìjọba tí a mọ̀ sí Freedmen's Bureau sílẹ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ dárúkọ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú, àti ilẹ̀ tí àwọn onílẹ̀ fi sílẹ̀ sá lọ. Ní ìparí ọdún náà, àtúnṣe kẹtàlá sí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fòpin sí oko ẹrú. Àtúnṣe kẹrìnlá, tó sọ wọ́n di ọmọ ìlú, dé ní 1868; ìkẹẹ̀ẹ́dógún, tó fún àwọn ọkùnrin dúdú ní ẹ̀tọ́ ìdìbò, dé ní 1870. Ní 1877, ìjọba àpapọ̀ kó ọwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò nínú òṣèlú Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ oko ẹrú tó ṣọ̀tẹ̀, àkókò àtúntò Gúúsù tí wọ́n ń pè ní Reconstruction sì parí.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ àwọn ọdún wọ̀nyí ni pé ìjà tí wọ́n ń jà yí padà láti ọdún kan sí èkejì, bí èébú tí wọ́n ń lò kò tilẹ̀ yí padà. Ìwé ọdún 1866 máa ń jà nípa ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ fún ta àti lábẹ́ òfin wo. Ìwé ọdún 1868 ń jà nípa ìbò. Ìwé ọdún 1874 ń jà nípa owó orí àti ẹni tó ń ná an. Ẹ wo òfin tí ìpínlẹ̀ Mississippi ṣe ní ìparí 1865: ó ní kí ẹni dúdú kọ̀ọ̀kan ní ìwé lọ́wọ́ ní gbogbo oṣù Kìíní tó fi hàn pé ó ní ibùgbé àti iṣẹ́, kò sì gbà kí wọ́n yá ilẹ̀ lò níbikíbi tí kì í ṣe inú ìlú ńlá tàbí ìlú tí òfin dá mọ̀. Ẹni tí kò lè yá ilẹ̀ ní ìgbèríko, tí ìwé iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, oko olówó rẹ̀ àtijọ́ nìkan ló kù tí yóò padà sí. Nígbà tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ óò rí i pé ìwé tó ń sọ ní 1866 pé "ọ̀lẹ ni wọ́n nípa ẹ̀dá" ń gbèjà òfin kan pàtó.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wá ìwé náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbà náà

Púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Daniel Murray, ọkùnrin dúdú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Library of Congress ní Washington ní 1871, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ilé ìkàwé náà nígbà tó kú ní 1925. Ilé ìkàwé náà ti ya àwòrán wọn sórí ìkànnì rẹ̀, láti orí èyí tó jáde ní 1818 títí dé 1907. Ẹ tún wo HathiTrust àti Internet Archive, tí wọ́n jẹ́ ilé ìkàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti àkójọ ìwé àwọn àpérò ènìyàn dúdú tí iṣẹ́ Colored Conventions Project ti kó jọ.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ni yóò pinnu ohun tí ẹ óò rí. Orúkọ tí a ń lò lónìí fún àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà lè wà nínú àkọlé tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé fi sí ìwé, ṣùgbọ́n kò ní sí nínú ìwé náà fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ "freedmen", "colored people", "labor question" tàbí "Southern question", kí ẹ fi orúkọ ìlú àti ọdún kún un: Charleston 1865, Columbia 1874, Nashville 1867. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ẹ̀rọ ló ń sọ àwòrán ojú ewé di ọ̀rọ̀ tí a lè wá, ó sì máa ń ṣì í kà níbi tí tàdáwà bá ti ṣú tàbí tí ọ̀rọ̀ bá gé sí ìparí ìlà. Nítorí náà, tí ìwádìí yín kò bá mú nǹkan kan wá, ẹ má yára sọ pé ìwé náà kò sí. Ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ tàbí ti ilé ìtẹ̀wé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ́kọ́ ka ara ìwé náà

Ẹ wo iye ojú ewé. Ìwé pẹlẹbẹ sábà máa ń jẹ́ 8, 16, 24 tàbí 32 ojú ewé, nítorí bébà ńlá kan ni wọ́n ń tẹ̀, tí wọ́n ń ṣẹ́ po, tí wọ́n sì ń fi okùn rán láàárín. Ìwé olójú ewé 8 ni wọ́n máa ń ṣe fún pípín káàkiri nígbà ìdìbò. Ẹ wo ilé ìtẹ̀wé tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ilé ìtẹ̀wé tó tún ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé bóyá iye owó wà níbẹ̀, bóyá wọ́n ní ẹni tó bá ra ọgọ́rùn-ún yóò gbà á ní owó pọ́ọ́kú. Bí ó bá jẹ́ bébà gan-an ló wà níwájú yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìn kí ó lè là gbalaja, nítorí bébà tí wọ́n fi igi ṣe ní ìparí ọ̀rúndún náà máa ń gbẹ, ó sì máa ń kán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ béèrè ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó sanwó

Orúkọ tó wà lójú ìwé lè jẹ́ irọ́, ó sì lè má sí rárá. Àpẹẹrẹ tó burú jù lọ tí mo mọ̀ jáde ní ìparí 1863, nígbà tí ogun ṣì ń lọ, oró rẹ̀ sì wà nínú òṣèlú Amẹ́ríkà pẹ́ títí lẹ́yìn ogun. Ìwé tó tó 70 ojú ewé kan jáde ní New York láìsí orúkọ òǹkọ̀wé, tó sọ pé ó dára kí àwọn funfun àti dúdú máa fẹ́ ara wọn, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ Ààrẹ Lincoln, ló kọ ọ́. Ìwé náà ló dá ọ̀rọ̀ "miscegenation" sílẹ̀ fún irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn méjì láti iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń ṣàtìlẹ́yìn fún ẹgbẹ́ Democrat, David Croly àti George Wakeman, ló kọ ọ́ láti fi ba ẹgbẹ́ Lincoln jẹ́ ṣáájú ìdìbò 1864. Ẹni tó bá mú ìwé náà lónìí láìmọ èyí, tó sì sọ pé "èyí ni ohun tí àwọn tó fẹ́ òmìnira ẹrú ń fẹ́", ti di ìránṣẹ́ fún irọ́ tó ti lé ní 160 ọdún.

Ní ti owó, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́. Ní 1863, àwọn ọlọ́lá New York tó fara mọ́ ìjọba dá Loyal Publication Society sílẹ̀, èyí tó tẹ 90 ìwé pẹlẹbẹ kí ó tó dáwọ́ dúró ní 1866. Ní ọdún kan náà, ní ìlú kan náà, àwọn tó lòdì sí wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, Samuel Morse, ẹni tí a mọ̀ mọ́ tẹligíráàfù, ẹ̀rọ tí a fi ń rán ọ̀rọ̀ gba orí wáyà, sì ni ààrẹ rẹ̀. Ìwé ọ̀fẹ́ ni ìhà méjèèjì ń pín, ìwé ọ̀fẹ́ sì ni ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ti mọ ẹgbẹ́ náà, ẹ wá iṣẹ́ tí àwọn olórí rẹ̀ ń ṣe: olówó òwú ni, oníléeṣẹ́ aṣọ ni, onílẹ̀ ni, àbí oníbáńkì? Edward Atkinson ti Boston, tó kọ̀wé ní 1861 pé òṣìṣẹ́ tó gba owó ọ̀yà yóò mú òwú jáde ní owó tó kéré ju ti ẹrú lọ, jẹ́ ẹni tó ń bá iléeṣẹ́ aṣọ òwú ṣiṣẹ́. Èyí kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di irọ́. Ó kàn sọ ibi tó dúró sí fún wa: òwú pọ́ọ́kú ló ń wá, òmìnira sì bá ìwákiri rẹ̀ mu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ya ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ owó

Èyí ni ìgbésẹ̀ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ, ó sì gba sùúrù. Ẹ tẹ ìwé náà sórí bébà, kí ẹ mú pẹ́ńsù pupa àti búlúù. Ẹ fi pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó bá sọ nípa ẹ̀jẹ̀, agbárí, ìwà àbínibí, Bíbélì tàbí "ẹ̀dá". Ẹ fi búlúù fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tó bá sọ nípa ilẹ̀, owó ọ̀yà, irè oko, iye òwú, owó orí, gbèsè tàbí ìbò. Lẹ́yìn náà, ẹ da àwọn gbólóhùn búlúù nìkan kọ sórí bébà mìíràn, kí ẹ kà wọ́n tẹ̀léra. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ óò rí i pé odindi àròyé ló wà níbẹ̀, tó lè dá dúró láìsí pupa kankan.

Ẹ wo ìwé ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní Pennsylvania ní 1866, nígbà tí Hiester Clymer ń du ipò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat. Àwòrán ẹni dúdú kan wà níbẹ̀ tó na ara sílẹ̀ láìṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn funfun ń túlẹ̀ tí wọ́n sì ń la igi. Pupa ni àwòrán náà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé Freedmen's Bureau ń fi owó àwọn funfun bọ́ ẹni dúdú tí kò ṣiṣẹ́, èyí sì jẹ́ búlúù: ọ̀rọ̀ ìṣúná owó ìjọba ni, ó sì ṣe é yẹ̀ wò. Iléeṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ gan-an dárúkọ àwọn tí ogun lé kúrò nílé bọ́ àwọn funfun Gúúsù tí ebi ń pa pẹ̀lú. Olùyàwòrán náà yọ wọ́n kúrò nínú àwòrán. Clymer pàdánù ìdìbò náà, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀lẹ tó ń jẹ owó ìjọba kò kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé kan lè wà tó jẹ́ pupa nìkan. Ní 1867, Buckner Payne, oníṣòwò kan ní Nashville, fi orúkọ "Ariel" tẹ ìwé kan jáde tó fi gbogbo ojú ewé rẹ̀ jiyàn pé ẹni dúdú kì í ṣe ọmọ Ádámù, kò sì ní ọkàn. Ìwé náà tàn débi pé àwọn oníwàásù ní Gúúsù kan náà fi ìwé dá a lóhùn. Tí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ padà sí bébà ọdún yín. Ní 1867 ni Ilé Aṣòfin àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ọkùnrin dúdú ní Gúúsù dìbò yan àwọn tí yóò kọ òfin tuntun fún ìpínlẹ̀ wọn. Ọdún tí ẹni dúdú di olùdìbò ni ẹnìkan jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í ṣe ènìyàn. Níhìn-ín, ọjọ́ tó jáde ló fún wa ní ìlà búlúù tí òǹkọ̀wé kò kọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yíyá, nítorí òǹkàwé Yorùbá lè fi ojú ilé wò ó kí ó sì ṣì í lóye. Nígbà tí ètò pípín ilẹ̀ kò ṣẹ, èyí tó pọ̀ nínú àwọn tó bọ́ lóko ẹrú di olóko tó ń pín irè pẹ̀lú onílẹ̀, tí ìdajì òwú máa ń lọ fún onílẹ̀. Kò jọ ìṣákọ́lẹ̀ tiwa, níbi tí àlejò ti ń fi díẹ̀ nínú irè oko jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun, tó sì ń dá ohun tó wù ú. Olóko ti Gúúsù máa ń gba irúgbìn, oúnjẹ àti aṣọ ní àwìn lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tàbí onílẹ̀, ó ń fi òwú tí kò tíì hù dúró, èlé a sì máa gorí rẹ̀. Tí òwú bá wọ́n lọ́dún náà, ó lè yọ. Tí kò bá wọ́n, gbèsè yóò gun ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ̀fà ló jọ jù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìwé pẹlẹbẹ kan bá sọ pé àwọn dúdú "kò mọ owó tọ́jú", ẹ béèrè ẹni tó mú ìwé gbèsè lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ tún ìṣirò náà ṣe

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ má gba iye kankan láìṣírò ó, kódà nínú ìwé ẹni tí ẹ fara mọ́. Mo fẹ́ fi ìwé tí èmi fúnra mi fẹ́ràn ṣe àpẹẹrẹ.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1865, Thaddeus Stevens, aṣòfin láti Pennsylvania, sọ̀rọ̀ ní ìlú rẹ̀, Lancaster, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ náà bí ìwé pẹlẹbẹ. Ó ní ilẹ̀ àwọn ìpínlẹ̀ tó ṣọ̀tẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 465 éékà, àti pé mílíọ̀nù 394 nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ náà àti nǹkan bí 70,000 ènìyàn tí ilẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ju 200 éékà lọ. Kí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé e, kí ó fún àgbàlagbà ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bọ́ lóko ẹrú ní 40 éékà. Ó ka àwọn wọ̀nyí sí mílíọ̀nù kan, èyí tó jẹ́ mílíọ̀nù 40 éékà. Ó ku mílíọ̀nù 354, tí yóò tà ní dọ́là 10 éékà kan, tí yóò fi rí bílíọ̀nù 3 àti mílíọ̀nù 540 dọ́là. Kí wọ́n fi mílíọ̀nù 300 ṣe owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ogun, mílíọ̀nù 200 fún àwọn tó dúró ti ìjọba àpapọ̀ tí ogun ba dúkìá wọn jẹ́, kí ìyókù, bílíọ̀nù 3 àti mílíọ̀nù 40, lọ sórí gbèsè orílẹ̀-èdè.

Ẹ ṣírò ó, ó pé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ilẹ̀ náà ni yóò kan àwọn tó bọ́ lóko ẹrú. Ìyókù wà fún gbèsè ogun, nítorí àwọn tó jókòó níwájú Stevens ní Lancaster ni yóò fi owó orí san gbèsè náà bí kò bá sí ohun mìíràn tí wọ́n lè fi san án. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò ra mílíọ̀nù 354 éékà ní dọ́là 10 nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá dé ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, ní ilẹ̀ tí ogun ti jó. Owó ilẹ̀ yóò já wálẹ̀. Èmi kò kọ ètò náà nítorí èyí, mo ṣì gbà pé ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìpalára tí kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ kò ní rí i pé ọ̀rọ̀ òdodo àti ọ̀rọ̀ gbèsè jọ gun kẹ̀kẹ́ kan náà ni.

Ní ìhà kejì, iléeṣẹ́ Van Evrie, Horton ní New York tẹ ìwé kan ní 1862 láti fi hàn pé òmìnira ẹrú ti ba Jamaica jẹ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì ni pé ṣúgà tí erékùṣù náà ń tà sókè òkun ti dínkù. Òótọ́ ni pé ó dínkù. Ohun tí kò sí nínú ìwé náà ni pé àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ti kúrò nínú oko ìrèké lọ gbin oúnjẹ tiwọn sórí ilẹ̀ kékeré, àti pé láti 1846 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ààbò tí òfin owó ibodè fi ń bo ṣúgà àwọn erékùṣù náà kúrò. Ìwé náà ka ìṣúra olóko sí ìlera ìlú. Wọ́n tún àròyé yìí kan náà lò lẹ́yìn 1865, tí wọ́n fi òwú rọ́pò ṣúgà. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí iye ohun tí wọ́n tà sókè òkun, ẹ béèrè iye ohun tí wọ́n jẹ nílé.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ wá èsì tí ìhà kejì fọ̀

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé pẹlẹbẹ jẹ́ ohun ìjà, ó sì ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ju ọ̀kan láìsí pé wọ́n ju òmíràn padà. Èyí tó dára jù láti fi kọ́ ẹ̀kọ́ ni ti South Carolina. Ní 1871 àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Kejì ọdún 1874, àwọn onílẹ̀ funfun ṣe àpérò àwọn asanwó-orí ní Columbia, wọ́n sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ti 1874 kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ilé Aṣòfin àpapọ̀ pé àwọn tó ń pinnu owó orí ní ìpínlẹ̀ náà kì í ṣe àwọn tó ń san án. Ìgbìmọ̀ àárín ti ẹgbẹ́ Republican ní ìpínlẹ̀ náà tẹ èsì jáde lọ́dún kan náà.

Ẹ tẹ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn kókó kan lẹ́yìn èkejì. Ṣáájú ogun, 402,406 ni ẹrú tí wọ́n kà ní South Carolina ní 1860, owó orí tó wà lórí ẹrú sì jẹ́ apá kan pàtàkì nínú owó tó ń wọlé fún ìjọba. Nígbà tí òmìnira dé, orísun yẹn gbẹ, ẹrù náà sì bọ́ sórí ilẹ̀. Lẹ́sẹ̀ kan náà, òfin ìpínlẹ̀ ti 1868 dá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọmọ gbogbo ènìyàn, ó sì yẹ kí ìjọba sìn àwọn tó ti kà sí ẹrù olówó tẹ́lẹ̀. Kò sí bí owó orí kò ṣe ní í gbéra. Àwọn asanwó-orí ní ẹjọ́ gidi pẹ̀lú: olè wà nínú ìjọba náà, ìwé gbèsè ìjọba tí wọ́n tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ wà, kódà wọ́n jí owó nínú ètò tí ìpínlẹ̀ náà dá sílẹ̀ ní 1869 láti ra ilẹ̀ fún àwọn tálákà. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ láìfi pamọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà fẹ́: ṣé kí olè kúrò ni, tàbí kí ìbò àwọn dúdú kúrò?

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má gba pé ọdún kan ni òǹkọ̀wé kan

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Delany. Ní oṣù Keje ọdún 1865, ó bá àwọn tó bọ́ lóko ẹrú sọ̀rọ̀ ní erékùṣù St. Helena, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná débi pé ọ̀gá ológun funfun kan tí wọ́n rán wá gbọ́ ọ kọ ìròyìn tó kún fún ìbẹ̀rù. Kí ọdún náà tó tán, ó ti ń kọ̀wé nípa àjọṣe ẹni mẹ́ta: kí ará Àríwá mú owó wá, kí onílẹ̀ Gúúsù mú ilẹ̀ wá, kí ẹni dúdú mú iṣẹ́ wá, kí wọ́n sì pín èrè sí mẹ́ta. Ní 1876, ó ṣàtìlẹ́yìn fún Wade Hampton, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tẹ́lẹ̀, nígbà tó ń du ipò gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ Democrat. Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka àdéhùn Abẹ́òkúta mọ́ ọn yóò rí okùn kan: láti 1859, ilẹ̀ tí ẹni dúdú lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ní ìpín nínú rẹ̀ ló ń wá, ó sì ń bá ẹnikẹ́ni tó bá ní ilẹ̀ lọ́wọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń lo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ kọ ọdún mọ́ ọn ní gbogbo ìgbà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀

Tí ẹ bá fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ láti inú ìwé náà sínú Yorùbá, ẹ má fi "ènìyàn dúdú" túmọ̀ gbogbo orúkọ tí wọ́n pè wọ́n. Orúkọ kan wà tí àwọn dúdú fúnra wọn ń lò nínú àpérò wọn, orúkọ kan wà tó jẹ́ èébú gbangba, èkejì sì wà láàárín méjèèjì. Tí ẹ bá rọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan, ẹ ti fọ ẹnu òǹkọ̀wé mọ́ fún un. Ẹ fi èébú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹ sì sọ pé èébú ni. Ọ̀rọ̀ "ẹrú" náà gba ìṣọ́ra. Ẹrú ilé ọba, ẹrú tó ń dáko fún olówó rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àti ẹni tí wọ́n fi ṣe dúkìá lóko òwú, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọjà kí ó tó jáde nínú ìyá rẹ̀, kò rí bákan náà, bí ìyà tilẹ̀ wà nínú gbogbo rẹ̀. Fún "freedmen", "àwọn tó bọ́ lóko ẹrú" ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí "àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀" gbé gbogbo iṣẹ́ náà fún ẹni tó dá wọn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé èébú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọsílẹ̀ àpérò tí àwọn ènìyàn dúdú South Carolina ṣe ní ilé ìjọsìn Zion ní Charleston, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1865, nígbà tí wọn kò tíì ní ìbò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì ń múra láti fi òfin tuntun dè wọ́n. Ẹ kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ mú ọ̀rọ̀ Stevens ti Lancaster, kí ẹ sì tún ìṣirò rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ọwọ́ yín. Ìkẹta ni ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn asanwó-orí ti 1874 pẹ̀lú èsì rẹ̀. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀: ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó sanwó, ìlú àti ọdún, ohun tó fẹ́ kí òfin ṣe, iye kan tí ẹ ti ṣírò fúnra yín, àti orúkọ ìwé tó dá a lóhùn. Níbi tí ẹ kò bá ti rí èsì, ẹ fi àyè sílẹ̀ lófo lórí bébà yín, kí ẹ lè padà wá a.